Aṣọ Tí Bàbá Ń Hun fún Ibojì Tí Kò Sí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ara mi, mi ò sì ní sọ ìlú tí mò ń gbé gan-an. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Òkè-Ògùn ni, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, aṣọ òfì ni mo sì ń hun jẹun. Orúkọ àwọn èèyàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà, mo ti pààrọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá kà á tó fura pé òun mọ̀ mí, mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run, kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri. Mo sọ fún bàbá kan pé ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi sin ín. Mi ò sin ín. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó kú. Láàyè ni mo fi í sílẹ̀.

Ǹ bá má sọ ọ́ títí màá fi kú. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá náà ti darúgbó, ó sì ní òun fẹ́ fojú kan ibojì ọmọ òun kí òun tó lọ. Èmi ló ní kí n mú òun débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n mú un lọ?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ̀ ń dá lẹ́jọ́.

Èmi kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Òdìkejì ẹnubodè ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé Bàrìbá kan nílẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, téèyàn bá ti kọjá Ṣakí tó ń lọ. Bàbá mi kú kí n tó gbọ́njú. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó máa ń kó ẹ̀lùbọ́ wá sí ọjà Ṣakí mú mi dání, ó sì fà mí lé ahunṣọ kan lọ́wọ́ pé kí n kọ́ṣẹ́. Ìyá mi sìn mí dé ìdí ọ̀kadà. Ó gbé wàrà tó fi ewé dì lé mi lọ́wọ́, kò sunkún. Ó ní ọjọ́ tí mo bá ń padà bọ̀ ni òun máa sunkún, kó lè jẹ́ ẹkún ayọ̀.

Ahunṣọ yẹn ni màá máa pè ní Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí n tó débẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni màá pè ní Làtí, ọjọ́ orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Bàbá ò fi mí ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Abọ́ kan náà lèmi àti Làtí fi ń jẹun, ẹní kan náà la fi ń sùn, bí Làtí bá sì jẹ ẹgba, kí n yáa múra tèmi sílẹ̀. Làtí ló kọ́ mi ní Yorùbá. Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń fa òwú kọjá lórí òfì, kí etí aṣọ má baà wọ́. Bàrìbá ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo hun aṣọ mi àkọ́kọ́, ó gbé e sókè fún gbogbo àwọn tó wà nídìí òfì, ó ní, "Ẹ wá wo aṣọ Bàrìbá, gbágungbàgun bí ọ̀nà Ṣakí!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní kí n tú u palẹ̀ kí n tún un hun.

Nígbà tó yá, ọjà wa fà sẹ́yìn. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun ń wọlé láti òkè òkun, tiwa wá ń jókòó sí ìsọ̀. Làtí gbọ́ pé wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun, ó ní òun máa lọ. Mo ní ibi tó bá ń lọ ni mò ń lọ. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀wé fún pé ọmọ ìlú ni nìkan ni wọ́n máa gbà. Ta ló fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún Bàrìbá?

Bàbá wọ agbádá, ó tẹ̀ lé mi lọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo ilà ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ọmọ bíbí inú yín nìyí?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi ni."

Ó ní ṣé Bàbá lè búra. Wọ́n gbé Àlùkùránì wá, Bàbá gbé ọwọ́ lé e, ó sì búra pé òun àti ìyá Làtí ló bí mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi. Níbi tó yẹ kí orúkọ ìyá mi wà, orúkọ ìyá Làtí ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ olóògbé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tó bí mi wà láàyè lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kó wà lóko iṣu.

Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé kì í parọ́. Bí a ṣe jáde síta, ó jókòó sórí pèpéle kan. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti búra èké lórí rẹ. Kò sí bí mo ṣe lè ká a kúrò nílẹ̀ mọ́, àfi kí Ọlọ́run sọ ọ́ di òtítọ́. Kí ìwọ náà bá mi sọ ọ́ di òtítọ́." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo ti di ọmọ yín."

Kí a tó lọ, Bàbá hun ọ̀já ẹtù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gé e sí méjì, ó fún èmi ní ìdajì, ó fún Làtí ní ìdajì. Ó ní, "Aṣọ kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ló hun ún." A máa ń sán an mọ́dìí lábẹ́ aṣọ sójà wa.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fi ẹ̀tàn wọ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí a búra níwájú àsíá, tọkàntọkàn ni mo fi búra. Ìlú tó gba àlejò bíi tèmi, tó fún un lórúkọ, tó fún un láṣọ, kí ni mo tún fẹ́? Nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí ìhà Àríwá níbi tí ogun ti ń jà, tí àwọn ẹgbẹ́ wa bá ń bú Nàìjíríà nítorí oúnjẹ àti ooru, èmi ni mo máa ń gbèjà rẹ̀. Mo tiẹ̀ bá ẹnì kan ja ìjàkadì lórí ẹ̀. Làtí á yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ẹ ò rayé bí? Onílé ń bú ilé, àlejò ń gbèjà." Òun nìkan ló mọ àṣírí mi, kò sì fi bú mi lọ́jọ́ kan.

Lọ́dún kejì wa níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ìyá mi ti kú, àwọn ti sin ín láná. Ó ní kí n tètè máa bọ̀ kí n lè bá àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Mo dìde, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọ̀gá wa láti tọrọ ààyè. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ìyá wo ni mo fẹ́ ní ó kú? Nínú ìwé mi, ìyá mi ti kú tipẹ́, Òkè-Ògùn ló sì ti kú. Bí mo bá ní òmíràn kú ní Bẹ̀nẹ̀, mo ti tú àṣírí ara mi, mo sì ti fi Bàbá tó búra fún mi hàn. Ọ̀gá jáde, ó ní, "Sójà, kí lo fẹ́?" Mo ní, "Kò sí nǹkan, sà." Mo kí i bí sójà ṣe ń kíni, mo yí padà.

Làtí rí ojú mi. Mo sọ fún un. Ó mú mi lọ sẹ́yìn àgọ́, a kọjú sí gábàsì, a kírun òkú sí ìyá mi láti ọ̀nà jíjìn yẹn. Làtí sunkún ju èmi alára lọ. Ó ní, "Bàrìbá, ìyá wa ni. Tí wọ́n bá ti fún wa ní ìsinmi, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ kò wọnú mi. Inú mi ti dì. Mo wo aṣọ tó wà lọ́rùn mi, mo ní ìlú tí kò lè jẹ́ kí n sunkún ìyá mi, kí ni mo wá ń kú fún? Láti ọjọ́ náà, mo ń ru ìbọn, mo ń ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ní kí n ṣọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sọdá ẹnubodè padà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ṣe àwáwí. Irọ́ tí èmi fúnra mi wọ̀ bí ẹ̀wù ló fún mi lọ́rùn, kì í ṣe Nàìjíríà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ni àwọn ọ̀tá ya lù wá. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ. Nígbà tí ó di pé kálukú ń wá ọ̀nà àsálà, èmi àti Làtí jọ sá gba inú igbó. A ti dé ìdí igi dóńgóyárò mẹ́ta kan kí ìbọn tó ba Làtí ní itan. Mo wọ́ ọ dé abẹ́ igi. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo tú ọ̀já tó wà nídìí mi, mo fi di itan rẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ náà sì dín kù. Ó dín kù, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú rẹ̀ dá, ohùn rẹ̀ já geere. Ọgbẹ́ tó lè jinná ni.

Ó ní, "O ò lè gbé mi. Sáré lọ pe èèyàn wá." Ó tún ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ délé, sọ fún Sìdí pé kó dúró dè mí o." Sìdí ni ìyàwó tó fẹ́ nígbà tó lọ fún ìsinmi lọ́dún tó ṣáájú.

Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Ó ní, "Bàrìbá, má pẹ́."

Ike omi kan ló kù fún àwa méjèèjì. Mo ro ọ̀nà tó wà níwájú mi, mo mú ike náà lọ.

Mo sá, mo rìn, ó tó bíi wákàtí kan. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi bọ́ sójú títì, mo sì bá ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun wa tó wá ń ṣa àwọn tó sá. Sájẹ́ńtì kan fà mí gòkè. Ó bi mí pé ṣé ó ku ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó ku, èmi ni wọ́n máa ní kí n ṣáájú wọn padà síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ohùn kan ń sọ nínú mi pé, kí ni tìrẹ níbẹ̀, ogun yìí kì í ṣe ogun baba rẹ, àwọn yìí kì í ṣe ará rẹ. Láti ìgbà tí mo ti wọ aṣọ yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni mo wá rántí dáadáa pé àlejò ni mí.

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ̀ yí padà, a sì ń lọ. Ike omi náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì tán. Mo rò pé orílẹ̀-èdè ni mo kọ̀ sílẹ̀. Arákùnrin mi ni mo kọ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ ogun wa tó padà síbẹ̀ láti kó òkú. Mo yọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo ní ṣé wọ́n dé ìdí igi dóńgóyárò mẹ́ta kan. Ó ní àwọn débẹ̀, àwọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí òkú, kò sí alààyè. Àwọn ọ̀gá bi mí, mo ní láti ìgbà tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti rí arákùnrin mi mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò rí i. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì gbà.

Mo lè gba Ṣakí sọdá lọ sílé wa lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀. Mo tiẹ̀ dé gáréèjì, mo rí ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ìyá mi ti kú. Ẹsẹ̀ mi gbé mi padà sọ́dọ̀ Bàbá.

Bàbá bá mi jókòó sábẹ́ búkà tí a ti ń hun aṣọ, ìwé tí àwọn ológun kọ ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwé wọn ní àwọn ò rí i. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ rí i?"

Mo fẹ́ sọ òtítọ́, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ mo wo ojú Bàbá, mo mọ̀ pé bí mo bá ní mi ò mọ ibi tó wà, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé níbo ni mo fi í sílẹ̀ sí. Mo ní, "Mo rí i, Bàbá. Ó ti kú."

Ó sorí kọ́. Ó wá ní, "Ta ló kírun sí i lára?"

Mo ní, "Èmi ni."

"O kọjú rẹ̀ sí gábàsì?"

"Mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì, Bàbá. Lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ni. Ọ̀já tí ẹ hun fún mi, mo fi dì í."

Bàbá gbá mi mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn nìkan ni òtítọ́, òun náà ló sì ń sọ fún gbogbo ìlú títí dòní pé, "Ó tú tìdí ara rẹ̀ fún un."

Wọ́n ṣe àdúrà fìdáù fún Làtí láìsí òkú, láìsí ibojì, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹlẹ́rìí kejì lọ́wọ́ mi. Ta ló ń béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ọmọ ìyá òkú? Sìdí ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé ó rán ẹ sí mi?" Mo ní kò rí ààyè sọ̀rọ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bàbá pè mí, ó ní òun ò fẹ́ kí Sìdí jáde nílé òun, òun ò sì rí ẹlòmíràn tó yẹ kó fẹ́ ẹ ju arákùnrin Làtí lọ. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ìtìjú ló ń ṣe mí. Sìdí fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní tí mo bá ń ro ti òkú, òkú á dunnú sí i. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, èyí gan-an ló burú níbẹ̀.

A bí ọmọ méjì. Lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́kọ́ lórúkọ, Bàbá gbé e sókè, ó ní òun ò wá orúkọ jìnnà, Làtí ni. Látọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Bàbá Làtí. Ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, ẹni tó fẹ́ tọrọ iná, àwọn ọmọ ilé kéú tó ń kọjá, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Làtí." Bí wọ́n ti ń pè mí ni mò ń jẹ́, orúkọ náà á sì máa ta mí bí iyọ̀ tó bọ́ sójú egbò. Sìdí ní mo máa ń sọ "kò sí, kò sí" lójú oorun. Ó rò pé ọjà tí kò yá ni mò ń rò.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan tí àwọn ọ̀tá kó lẹ́rú láti ọdún pípẹ́ ń rí ọ̀nà padà wálé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá wà lórí òfì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mi orí, ó ní, "Áà, ẹ wo ìyà tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ọlọ́run ṣeun tí tèmi ti sinmi."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ló sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ kí Làtí. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ti dára díẹ̀, òun fẹ́ kéwú sí i lórí, òun fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ ibojì rẹ̀ wálé, kí àwọn sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun máa hun aṣọ tí àwọn máa tẹ́ sórí ibojì náà, tí àwọn á fi di iyẹ̀pẹ̀ bọ̀. Àáfà àdúgbò wa sọ fún un pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sìn. Bàbá ní òun gbọ́, ó ń ta òwú rẹ̀ sórí òfì lọ.

Mo ní ọ̀nà jìn. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ara Bàbá ò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wá bá òun ja ìjàkadì. Mo wá ní ó ti pẹ́, mi ò dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ fún arákùnrin rẹ̀ kì í gbàgbé ibẹ̀. Tá a bá ti débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á mú ẹ lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ro ibi. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo ti rò ó pé kí n mú Bàbá dé ìdí igi dóńgóyárò kan, kí n na ìka sí ilẹ̀ kan tó wú díẹ̀, kí n ní òun nìyí. Á kúnlẹ̀, á kéwú, á bu iyẹ̀pẹ̀ asán, a ó sì gbé e wálé sin. Mo ti lè purọ́ fún Bàbá lórí ìjókòó. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí nìyí. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ náà, ó pè mí. Ó ní, "Ṣebí gíga kan náà lẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Dúró kí n fi ọ́ wọ̀n ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ún, ó gbé etí aṣọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ń fà á bọ̀ lókè lára mi. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà náà. Ọ̀já mẹ́fà ló fẹ́ rán pọ̀. Ó ti parí márùn-ún, gbogbo wọn ló fi ara mi wọ̀n. Ìkẹfà ló wà lórí òfì báyìí.

Níjọ́ tó fi wọ̀n mí fún ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó di èjìká mi mú, ó ní, "O rántí ìbúra ọjọ́ yẹn? Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Ó gba ọ̀kan, ó sọ ìkejì di tèmi. Ìbúra mi kì í ṣe èké mọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin àáfà tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó mi ni Sìdí, àbí ìyàwó ẹlòmíràn? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un tí mo bá jẹ́ iṣẹ́ tí Làtí rán mi sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án? Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo dá ọmọ kan padà fún Bàbá tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà, mo sì gba èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí mi ò bá sọ ọ́, tí Làtí sì wà níbì kan tó ń wo ọ̀nà, èmi ni mo tún ń sọ pé kò sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Làtí, bí o bá wà, bí ẹnì kan bá ka èyí sí ẹ létí, mo bẹ̀ ẹ́. Mo mú omi rẹ lọ. Mo ní mò ń bọ̀, mi ò wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí ni Bàbá tún pè mí, ó tú ibi tó ti hun nínú ọ̀já kẹfà sílẹ̀ lára igi òfì, ó fi wọ̀n mí. Aṣọ náà ti dé èjìká mi. Bàbá ní ó ku orí.